Afẹ́fẹ́ Etí Òkun àti Ìwé Àtijọ́ ní Àgbádárìgì

Ìfáàrà

Ọ̀tá mẹ́ta ni ìtàn Yorùbá sábà máa ń dárúkọ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ìwé tí ó sọnù: iná, ogun àti ikán. Iná ní èéfín, ogun ní ariwo, ikán sì ní ọ̀nà amọ̀ tí ó ń là sí ara ògiri. Ọ̀tá kẹrin wà tí kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé, ojú kì í sì í tó o nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ibi rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú ilé ni, pẹ̀lú gbogbo ohun wẹ́wẹ́ tí ó rù dání.

Bí Yorùbá bá ní afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ, ohun tí ó fara sin ni wọ́n ń sọ pé ó ti hàn sí gbangba. Ní inú ilé ìkàwé, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Ọdún márùn-ún, ogún ọdún, àádọ́ta ọdún ni ó lè fi máa jẹ ìwé kan láìjẹ́ pé ẹni tí ń gbá ilẹ̀ yàrá náà fura. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá ṣí ìwé náà tí ojú ewé rẹ̀ fọ́ bí àkàrà gbígbẹ ni àṣírí tó tú.

Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí gbé ṣe pàtàkì ní ilẹ̀ Yorùbá bí etí òkun Àgbádárìgì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé àkọ́kọ́ gbà wọ ilẹ̀ yìí. Ibẹ̀ náà ni òkun, ọ̀sà, òjò, ọyẹ́ àti èéfín ti ń pàdé nínú yàrá kan ṣoṣo.

Ilé tí ó kọjú sí ọ̀sà

Àgbádárìgì, tí àwọn òyìnbó sọ di Badagry, ní omi níwájú, ó sì tún ní omi lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀sà ni ó kọ́kọ́ kọjú sí. Ní òdìkejì ọ̀sà ni ilẹ̀ oníyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ wà, òkun Àtìláńtíìkì sì ń ru gùdù lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn Ògù ni onílé, Yorùbá sì ti ń bá wọn gbé láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀nà omi yìí ni wọ́n gbà kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹrú jáde. Ọ̀nà náà ni ìwé gbà wọlé.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. dé. Townsend padà wá ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1845, òun pẹ̀lú Charles Andrew Gollmer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, àti Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821 tí ó sì padà wálé gẹ́gẹ́ bí àlùfáà. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá tí ó ń retí wọn, ti papò dà, ogun sì ti dí ọ̀nà. Ó tó ọdún kan àtààbọ̀ tí Crowther àti Townsend fi wà ní Àgbádárìgì kí wọ́n tó rí ọ̀nà gbà lọ ní 1846.

Ọdún kan àtààbọ̀ yẹn kò ṣòfò. Crowther ti tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843, iṣẹ́ títúmọ̀ Ìwé Mímọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Róòmù jáde ní Yorùbá ní 1850. Odindi Bíbélì kò jáde títí di 1884. Ìwé kíkọ tí ó gba nǹkan bí ogójì ọdún kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ó gbàgbé bébà rẹ̀ síta. Bí tàdáwà ṣe ń gbẹ, bí bébà ṣe ń rọ̀ ní òwúrọ̀ tí ó sì ń le ní ọ̀sán, kò lè ṣàjèjì sí wọn.

Lára ohun tí ó ṣẹ́ kù láti ìgbà náà ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì C.M.S. tí ó wà ní Marina. Ìtàn ìlú sọ pé wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1845. Òun ni wọ́n ń pè ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Bíbélì àtijọ́ wà lára ohun tí wọ́n ń fi han àlejò níbẹ̀. Ní ìlú kan náà ni ọ́fíìsì àjẹ́lẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1863 wà, tí ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí.

Àwọn tí wọ́n kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ kò mọ iná mànàmáná, wọn kò sì mọ ẹ̀rọ amúlétutù. Fèrèsé ni ẹ̀rọ wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ jókòó kọ̀wé ní ọ̀sán gangan ní láti ṣí i kí atẹ́gùn ọ̀sà lè wọlé. Afẹ́fẹ́ tí ó ń nu òógùn ojú akọ̀wé náà ni ó ń gbé iyọ̀ wá bá ìwé rẹ̀.

Ohun tí afẹ́fẹ́ rù wá

Máíkírómítà ni àwọn onímọ̀ fi ń wọn eruku. Bí a bá mú mìlímítà kan, èyí tí ó kéré jù lọ lójú rúlà ọmọ ilé ìwé, tí a sì pín in sí ọ̀nà 1,000, ìdá kan ni máíkírómítà. Eruku tí ìbú rẹ̀ kò ju 10 lọ lè bá èémí wọ àyà. Èyí tí kò ju 2.5 lọ lè dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. A ó to 400 irú rẹ̀ síra kí wọ́n tó gùn tó mìlímítà kan. Bí oòrùn bá gba ihò fèrèsé wọ yàrá tí ó ṣókùnkùn ni ènìyàn máa ń rí díẹ̀ nínú ohun tí ó ń fò kiri, ó sì jẹ́ pé èyí tí ó tóbi jù nínú wọn ni ojú ń rí.

Ní Àgbádárìgì, òkun ni ó kọ́kọ́ ń fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Bí ìgbì bá fọ́ sí etí yanrìn, ó ń ta ẹ̀kán omi wẹ́wẹ́ sókè. Omi inú rẹ̀ ń gbẹ, iyọ̀ inú rẹ̀ ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Ìyàwó ilé èyíkéyìí mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí iyọ̀ inú agolo ní ìgbà òjò: láìjẹ́ pé ẹnìkan da omi sí i, ó ń di omi fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí 75 nínú ọgọ́rùn-ún ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ ní etí òkun sì ń kọjá bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ tí ó bà lé ìwé yóò fa omi sí ara ìwé náà. Bí píìnì tàbí irin ìdèwé bá wà nínú rẹ̀, ìpẹtà dé nìyẹn. Ìpẹtà náà yóò sì rìn wọ inú bébà.

Láti òdìkejì ni ọyẹ́ ti ń bọ̀. Púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ ń wá láti Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì, ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan tí ó ti gbẹ láti ayébáyé, nǹkan bí 2,000 kìlómítà sí Àgbádárìgì. Èyí tí ó wúwo nínú eruku náà ń já bọ́ sójú ọ̀nà. Èyí tí ó fúyẹ́ jù, tí ó sì kéré jù, ni ó ń dé etí òkun. Láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ni ìgbà rẹ̀. Ní ọjọ́ mélòó kan nínú ìgbà náà, afẹ́fẹ́ tí ó rin gbindin yóò ṣàdédé gbẹ táútáú. Bébà tí ó ti fa omi mu tí ó sì wú yóò sún kì. Awọ ẹ̀yìn ìwé yóò lanu. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀: ibi tí awọ bá ti lanu ni eruku àti kòkòrò ń gbà wọlé.

Lẹ́yìn èyí ni ohun tí ó ń mú búrẹ́dì bu. Ìbátan olú ni, ṣùgbọ́n hóró rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń fò nínú afẹ́fẹ́ gbogbo yàrá. Bí ọ̀rinrin bá ti ju nǹkan bí 65 nínú ọgọ́rùn-ún lọ fún ọjọ́ púpọ̀, tí afẹ́fẹ́ kò sì rìn, ó ń hù. Bébà àti àtè ìdèwé jẹ́ oúnjẹ fún un. Eruku tí ó bà lé e náà jẹ́ oúnjẹ. Ìdí nìyí tí eruku fi burú ju àbùkù ojú lásán lọ. Ìwé tí eruku bò ní etí òkun dà bí ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ ebè sí: òjò nìkan ni ó ń retí.

Ó ku èéfín. Fìtílà elépo, ààrò, ẹja tí àwọn obìnrin etí ọ̀sà ń sun, ọkọ̀ ojú pópó, jẹnẹrétọ̀: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń dá tirẹ̀. Àwọn ìyá wa mọ ìwúlò èéfín. Orí ààrò ni wọ́n ń so àgbàdo irúgbìn rọ̀ sí kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n àgbàdo ń dúró de òjò ọdún tí ń bọ̀ ni. Ìwé ń dúró de ọmọ-ọmọ. Dúdú èéfín máa ń lẹ̀ mọ́ bébà, ekan inú rẹ̀ yóò sì máa ṣiṣẹ́ lọ.

Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́

Afẹ́fẹ́ nìkan kọ́ ni ó lẹ́bi. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Tàdáwà tí àwọn òyìnbó fi ń kọ̀wé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, títí kan ìgbà tí àwọn ajíyìnrere wà ní Àgbádárìgì, ni èyí tí wọ́n fi kókó ara igi óákù àti iyọ̀ irin pò. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́, ó rẹwà, ó sì lẹ̀ mọ́ bébà dáadáa. Ṣùgbọ́n ekan wà nínú rẹ̀, irin wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀rinrin bá ti bá a, méjèèjì yóò jí. Lẹ́tà yóò máa jẹ bébà tí wọ́n kọ ọ́ lé, títí tí ojú ewé yóò fi lu bí ajere, tí ìlà ọ̀rọ̀ yóò sì já bọ́.

Bébà pẹ̀lú yí padà. Àkísà aṣọ ni wọ́n fi ń ṣe bébà tẹ́lẹ̀, ó sì máa ń pẹ́. Láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi ṣe é nítorí owó rẹ̀ kò pọ̀. Ekan sábà ń wà nínú irú bébà yìí láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ó ń pọ́n, ó ń gbẹ, ó ń fọ́. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé ìwé ọdún 1843 lè le ju ìwé ọdún 1920 lọ.

Nítorí náà, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wọlé pẹ̀lú omi àti èéfín, àjèjì kọ́ ni ó wá ṣe. Ó wá jí ohun tí ó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀ ni.

Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú

Àwọn kan máa ń sọ pé ilẹ̀ olóoru ni kò gba ìwé, pé ilẹ̀ òyìnbó ni ìwé lè gbé. Ìtàn kò gbè wọ́n. Ní ọdún 1843 yẹn gan-an tí ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Crowther jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, Michael Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí òkìkí rẹ̀ kàn, ń wá ìdí tí awọ ẹ̀yìn ìwé fi ń jẹrà nínú ilé ìkàwé ẹgbẹ́ Athenaeum ní ìlú náà. Iná gáàsì ni wọ́n ń tàn síbẹ̀. Imí ọjọ́ wà nínú gáàsì náà. Bí ó bá ti ń jó, èéfín rẹ̀ ń di ekan, awọ sì ń fà á mu. Faraday ṣe ètò páìpù tí yóò máa kó èéfín iná náà jáde kúrò nínú ilé.

Ohun tí ó wà níta kò sàn ju ti inú ilé lọ. Èédú ni gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ń dá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1952, èéfín èédú àti kùrukùru bo ìlú náà fún ọjọ́ márùn-ún. Nǹkan bí 4,000 ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ kà mọ́ òkú. Ìṣirò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà gbé e dé nǹkan bí 12,000. Ní 1956 ni ìjọba fi òfin de irú èéfín bẹ́ẹ̀. Òfin àti iṣẹ́ ọwọ́ ni ó tún afẹ́fẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ṣe.

Àwọn lẹ́tà tí Crowther, Gollmer àti Townsend kọ láti Àgbádárìgì sí ọ́fíìsì C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù la ìgbà èéfín yẹn já. Ní yunifásítì Birmingham ni àkójọ ìwé C.M.S. wà lónìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ fojú kan ìwé tí wọ́n kọ ní etí ọ̀sà Àgbádárìgì ní láti wá ìwé ìrìnnà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Omi tí ó dànù, agbè tí kò fọ́

Ìtàn ìwé Yorùbá kún fún àdánù tí ó ní ọjọ́ àti orúkọ. Ní 1862, iná jó ilé Crowther ní Èkó, ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ sì bá a lọ. Ní 1867, nígbà Ìfọ́lé ní Abẹ́òkúta, wọ́n kọlu ilé ìjọsìn àti dúkìá àwọn ajíyìnrere. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí Townsend fi ń tẹ Ìwé Ìròhìn láti 1859 kò yè é. Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé náà sì sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó kú ní 1901 láìfojú kàn án mọ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àkọsílẹ̀ tí ó kù jọ, ó sì tún un kọ. Nígbà tí ó fi èyí náà ránṣẹ́ ní 1916, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ ojú omi Appam tí ó gbé e. Ó tó ọdún méjì kí ìwé náà tó di rírí ní Amẹ́ríkà. Ní 1921 ni ó tó jáde, ọdún kan lẹ́yìn ikú Obadiah.

Bí omi bá dànù tí agbè kò fọ́, a ó tún omi mìíràn pọn. Agbè ni àkọsílẹ̀ tí ó kù nílé fún Obadiah Johnson. Bí kì í bá ṣe ti bébà wẹ́wẹ́ tí ó wà nínú yàrá kan ní ilẹ̀ Yorùbá, tí ọ̀rinrin kò tíì jẹ tán, ìwé ìtàn tí gbogbo ọmọ Yorùbá ń tọ́ka sí kì bá tí sí. Agbè yìí gan-an ni afẹ́fẹ́ inú ilé ń fọ́. Ẹni tí iná jó ìwé rẹ̀ mọ̀ lọ́jọ́ náà pé òun ní láti tún un kọ. Ẹni tí ọ̀rinrin ń jẹ ìwé rẹ̀ gbà pé ó ṣì wà nínú àpótí.

Ohun tí Kenneth Onwuka Dike bá pàdé nìyẹn nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ìwé ìjọba káàkiri Nàìjíríà ní 1951. Ìwé tí ikán àti ọ̀rinrin ti bà jẹ́ ni ó rí ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì, lórí òkìtì, láìsí alábòójútó. Láti inú ìròyìn rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ìpamọ́ ìwé ìtàn Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1954 ní Ìbàdàn, òfin rẹ̀ jáde ní 1957, ìwé àwọn ajíyìnrere C.M.S. ti ilẹ̀ Yorùbá sì wà lára ohun tí wọ́n kó síbẹ̀.

Ilé tí ń mí àti ilé tí wọ́n dì pa

Ní ọdún 1954 kan náà ni ilé ìkàwé yunifásítì Ìbàdàn ṣí ní ibùdó rẹ̀ tuntun. Orúkọ Kenneth Dike ni ó ń jẹ́ báyìí. Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ayàwòrán ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ya àwòrán rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká, wọ́n sì fi kọnkéré oníhò ṣe ojú ògiri rẹ̀, kí oòrùn má bàa ta sínú rẹ̀, kí atẹ́gùn sì lè gba apá kan wọlé kí ó gba apá kejì jáde. Afẹ́fẹ́ tí ń rìn kì í jẹ́ kí ìwé bu ní kíákíá. Ìmọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó kọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgbádárìgì sí ojú ọ̀sà, kò sì ṣàjèjì sí baba tí ó fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá sí àárín agbo ilé.

Ilé tí ń mí ní àléébù tirẹ̀. Ihò tí atẹ́gùn gbà wọlé ni ọyẹ́ ń gbà. Nítorí náà ni ẹ̀rọ amúlétutù ṣe dà bí ìdáhùn nígbà tí ó dé: wọ́n ti fèrèsé, wọ́n dí ihò, wọ́n tan ẹ̀rọ. Níbi tí iná mànàmáná bá ti wà tọ̀sán-tòru, ètò náà dára. Ní Nàìjíríà, iná ń lọ. Yàrá tí wọ́n ti dì pa, tí ẹ̀rọ rẹ̀ sì kú ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, yóò máa móoru títí di òwúrọ̀ Ajé. Ara ògiri àti bébà tí ó ti tutù yóò fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Kò sí ihò tí omi náà lè gbà jáde. Ilé tí ń mí ń jẹ́ kí eruku wọlé. Ilé tí wọ́n dì pa láìsí iná ń jẹ́ kí ìwé bu láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí wọ́n bá sì tan jẹnẹrétọ̀ sí abẹ́ fèrèsé láti gba ẹ̀rọ náà là, èéfín rẹ̀ ni yóò wá rọ́pò atẹ́gùn ọ̀sà.

Ibí ni ẹ̀kọ́ ìtàn yìí wà. Àwọn tí wọ́n kọ́ ilé àtijọ́ fi ohun tí ó dájú lọ́wọ́ wọn kọ́ ọ: oòrùn, òjìji àti atẹ́gùn. Ilé tí ó bá gbára lé ohun tí kò dájú ti fi ìwé inú rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ń tọ́jú ìwé

Ọ̀rọ̀ kò mọ lórí bébà. Eruku tí ó kéré tó láti wọ inú ìwé tí wọ́n pa dé kéré tó láti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí ó ń ṣí àpótí ìwé àtijọ́ fún òǹkàwé, tí ó ń gbọn eruku ara rẹ̀ dànù, tí ó sì ń fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀ yàrá náà, ń fa hóró ohun tí ó bu, eruku ọyẹ́ àti dúdú èéfín símú ní èémí kan. Bí ó bá ní ikọ́ fée, yóò mọ̀ ní kíákíá. Bí kò bá ní in, ó lè gba ọdún púpọ̀.

Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé dín ìwọ̀n tí ó fọwọ́ sí kù: eruku tí kò ju 2.5 máíkírómítà lọ kò gbọdọ̀ ju máíkírógíráàmù 5 nínú mítà onígun mẹ́rin-mẹ́rin kan lọ ní ìṣirò ọdún kan. Báǹkì Àgbáyé sì ṣírò pé ní 2018, nǹkan bí 11,200 ènìyàn ni afẹ́fẹ́ ẹlẹ́gbin pa ní Èkó, tí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọkọ̀, ilé iṣẹ́ àti jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n dárúkọ. Ìpínlẹ̀ Èkó ni Àgbádárìgì wà, òpópónà tí ó so ó mọ́ Èkó sì jẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ akẹ́rù àti eruku láti ìgbà tí iṣẹ́ fífẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2009.

Ìtàn máa ń yin ẹni tí ó kọ̀wé. Ó máa ń yin ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó nu ìwé fún ọgbọ̀n ọdún kì í ní orúkọ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni èémí rẹ̀ wà lára iye tí wọ́n san kí ìwé náà tó dé ọwọ́ wa.

Ohun tí ọwọ́ lè ṣe

Ìwé Timbuktu lè kọ́ àwọn ará etí òkun ní nǹkan kan. Ní 2012, nígbà tí àwọn ajagun gba ìlú náà, Abdel Kader Haidara àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kó ìwé àfọwọ́kọ lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún sínú àpótí, wọ́n sì fi ọkọ̀ ilẹ̀ àti ọkọ̀ ojú omi gbé wọn lọ sí Bamako. Iná kò rí wọn jó. Ṣùgbọ́n ibi gbígbẹ ni Timbuktu. Bamako ní òjò. Ìwé tí ó bọ́ lọ́wọ́ ìbọn bọ́ sọ́wọ́ ọ̀rinrin. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ni ìjọba Málì bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn padà, ọ̀rinrin sì wà lára ìdí tí wọ́n sọ. Gbígba ìwé là ní ọjọ́ kan kò tó. Afẹ́fẹ́ ibi tí wọ́n gbé e sí ni yóò sọ bí yóò ti pẹ́ tó.

Ohun tí ó lè gba ìwé etí òkun là kò fi bẹ́ẹ̀ náni lówó. Àpótí páálí tí kò ní ekan ń dá eruku àti iyọ̀ dúró, ó sì ń dín wíwú àti sísún kì bébà kù. Pẹpẹ tí wọ́n fà kúrò lára ògiri kì í mu omi ògiri. Nẹ́ẹ̀tì tí ihò rẹ̀ kéré lójú fèrèsé ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, kí púpọ̀ nínú kòkòrò dúró síta. Ní ọjọ́ ọyẹ́, kí wọ́n ti fèrèsé. Ní ọ̀sán tí oòrùn ràn tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ díẹ̀, kí wọ́n ṣí i. Kí wọ́n má fi àkísà tútù nu ìwé, nítorí pé omi ni ohun tí ó bu ń wá. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí wọ́n lò, kí ẹni tí ó ń lò ó sì fi ìbòmú tí ó dára bo imú àti ẹnu. Kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ojú fèrèsé. Kí wọ́n ya àwòrán ojú ewé kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà, kí agbè kejì lè wà bí èkíní bá fọ́.

Ẹ̀rọ kékeré tí ó ń wọn ọ̀rinrin náà kò wọ́n. Ìwúlò rẹ̀ ni pé ó ń fún ọ̀tá tí kò ní àmì ní àmì. Ẹni tí ó bá ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ fún ọdún kan yóò mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun ṣí fèrèsé àti ìgbà tí ó yẹ kí òun tì í.

Ìgúnlẹ̀

Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ìwé tí ó bu kò ní ẹwà kankan tí yóò bù sí i. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ ní Àgbádárìgì láàárín 1845 sí 1846 ti kọjá òkun, wọn kò sì padà. Díẹ̀ tí ó kù ní ilẹ̀ yìí, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ní Èkó àti ní etí ọ̀sà náà fúnra rẹ̀, wà lábẹ́ ìtọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ tí owó oṣù wọn kò tó nǹkan, nínú yàrá tí iná rẹ̀ kò dájú.

Atẹ́gùn ọ̀sà ṣì ń fẹ́ sí ojú fèrèsé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà bí ó ti ń fẹ́ nígbà tí Crowther ń dúró de ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ó ṣì ń gbé iyọ̀ àti ọyẹ́ wá. Nǹkan bí 180 ọdún ni wọ́n ti ń ṣí fèrèsé náà ní òwúrọ̀ tí wọ́n sì ń tì í ní ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ ẹni tí ó ń ṣe é ni ìwé tí ó kù wà.